Ní Ilẹ̀ Ìkálẹ̀, Ọ̀run Kò Jìnnà sí Ayé

Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ikú kan wọ Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, irú èyí tí àwọn àgbà ìlú kò rí rí. Orí ni yóò kọ́kọ́ máa fọ́ ẹni tó bá ṣe. Lẹ́yìn náà ojú á ṣú, kò ní ríran mọ́. Tó bá yá, kò ní mọ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́, kí ilẹ̀ sì tó mọ́, ẹkún ti sọ nílé. Kò tíì pé ọdún kan tí Ẹbólà wọ Nàìjíríà nígbà náà, torí bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ lọ. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò, kì í ṣe Ẹbólà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ oògùn apakoríko. Kí ọ̀rọ̀ náà tó rọlẹ̀, ó kéré tán ènìyàn 18 ló ti bá a lọ.

Kí àbájáde àyẹ̀wò tó dé rárá ni ọ̀pọ̀ ará ìlú ti ní ìdáhùn tiwọn. Wọ́n ní Malòkun, òrìṣà òkun, ló ń bínú. Ọ̀rọ̀ tó ń jà ràn-ìn nígboro, tí àwọn ìwé ìròyìn náà sì gbé, ni pé àwọn ọ̀dọ́ kan já wọ ojúbọ Malòkun, wọ́n sì kó nǹkan ibẹ̀ lọ. Ẹni tó wọ ibi tí a kì í wọ̀, tó fojú rí ohun tí ojú kì í rí, ṣé ojú náà á tún dá ṣáká? Ìfọ́jú tó ń ṣáájú ikú bá àlàyé yìí mu rẹ́gí.

Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe ní LUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó, ló tú àṣírí ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn náà: methanol ni, inú ògógóró tí wọ́n mu ló sì gbà wọlé. Ojú lásán kò lè mọ methanol yàtọ̀ sí ọtí líle, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ló ń lò ó, kò yẹ ẹnu ènìyàn. Bí ó bá dé inú ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á sọ ọ́ di formic acid, ásíìdì yìí ló sì máa ń ba iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ jẹ́. Ìdí nìyẹn tí ojú fi ń lọ kí ẹ̀mí tó tẹ̀ lé e. Irú ikú bẹ́ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Rivers kò pẹ́ sígbà náà, ní oṣù kẹfà ìjọba àpapọ̀ sì fòfin de títa ògógóró.

LUTH sọ ohun tó pa wọ́n. Ìbéèrè tí ìlú gbé lọ sọ́dọ̀ Malòkun yàtọ̀ sí ìyẹn: kí ló dé tó jẹ́ àwọn wọ̀nyí, tó jẹ́ àkókò yìí, tó jẹ́ ìlú wa? Ènìyàn kò lè béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀ àfi bí ó bá ti ní èrò kan tẹ́lẹ̀ nípa bí ayé àti ọ̀run ṣe tò, nípa àwọn tó ń gbé nínú wọn yàtọ̀ sí àwa tí à ń mí, àti nípa ohun tí a jẹ wọ́n. Èrò yẹn ti pẹ́ nílẹ̀ Ìkálẹ̀, níbi tí Òde-Ìrèlè wà. Kì í ṣe àlàyé ibi jíjìnnà kan tí ọkàn ń rè lẹ́yìn ikú nìkan. Òfin ìbágbé ni: ó ń sọ fún alààyè ẹni tí yóò máa jíhìn fún.

Omi ni ààlà

Ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa àti ti Ìrèlè ni púpọ̀ nínú àwọn Ìkálẹ̀ ń gbé. Igbó àti oko ọ̀pẹ ló bo ilẹ̀ wọn. Bí a bá ń lọ sí gúúsù, ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, á di àbàtà, títí a ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìlàjẹ létí òkun Àtìláńtíìkì. Ìtàn ìbílẹ̀ so púpọ̀ nínú àwọn ìdílé ọba Ìkálẹ̀ mọ́ ààfin Bìní, Abodi ti Ìkòyà sì wà lára àwọn tí a máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Nítorí náà, bí Ìkálẹ̀ ṣe jẹ́ ọmọ Yorùbá tó, èrò rẹ̀ nípa ọ̀run ní ìbátan ní Bìní àti ní etí odò.

Ohun tí Yorùbá tòkè ń pè ní irúnmọlẹ̀, umalẹ̀ ni lẹ́nu àwọn ará ìsàlẹ̀ yìí. Malòkun ni umalẹ̀ òkun. Àwọn Itsekiri tó wà lápá ìlà-oòrùn wọn ń bọ Umalòkun, Bìní ń bọ Olókun, ojúbọ rẹ̀ tó lókìkí jù sì wà ní Urhonigbe. Funfun ni àwọ̀ Olókun: aṣọ funfun, efun funfun. Ní Bìní, olùbọ á fi efun lílọ̀ ya àmì sílẹ̀, ìlà méjì tó dábùú ara wọn, kí òrìṣà lè mọ ibi tí ayé àti ọ̀run ti pàdé, kó sì sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀.

Wọ́n gbà pé Olókun ló ni ọrọ̀, òun náà ló sì ń fúnni lọ́mọ. Ẹni tó ń bọ̀ wá sáyé á la omi rẹ̀ kọjá kí a tó bí i. Ẹni tó kú á tún la omi náà padà. Òrìṣà kan ṣoṣo ló di kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn méjèèjì mú. Tí a bá mọ èyí, a ó mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ ojúbọ òkun fi lè dẹ́rù ba odindi ìlú. Ẹni tó ṣẹ Malòkun ṣẹ ẹni tí òun fúnra rẹ̀ máa tó dé iwájú rẹ̀.

Níbo gan-an ni ọ̀run wà?

Bí a bá bi ọmọdé léèrè, òkè ni yóò nàka sí. Ìtàn ìṣẹ̀dá tí Ifẹ̀ fi ń yangàn gbè é lẹ́yìn: ẹ̀wọ̀n rọ̀ wálẹ̀ láti òkè, a da iyẹ̀pẹ̀ sórí omi, adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún tàn án ká, ilẹ̀ fẹ̀. Àwọn Bìní tún ń sọ pé nígbà kan, sánmà sún mọ́lẹ̀ débi pé ọwọ́ ń tó o, ènìyàn ń bù ú jẹ. Ọ̀kánjúwà ló bà á jẹ́. Wọ́n bù ju bí ó ṣe yẹ lọ, wọ́n ń sọ ìyókù nù, sánmà bá bínú, ó gbéra lọ sókè réré.

Ṣùgbọ́n wo ohun tí àgbà ń ṣe nígbà tó bá fẹ́ bá baba rẹ̀ tó ti kú sọ̀rọ̀. Kì í wo òkè. Ilẹ̀ ló ń da ọtí sí, ilẹ̀ ló ń fi ọwọ́ kàn. Kí àwọn òyìnbó amúnisìn tó gbé òfin ìmọ́tótó dé, inú ilé ni a ń sin àgbà sí, lábẹ́ yàrá tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Samuel Johnson sọ ọ́ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1921. Ẹni tó kú ṣì ń gbé inú agboolé. Ará ọ̀run sì ni à ń kí egúngún, bẹ́ẹ̀ ìgbàlẹ̀ ló ti ń jáde, kò já bọ́ láti ojú ọ̀run.

Òkè ni, ilẹ̀ ni, òdìkejì omi sì ni. Àwọn onímọ̀ ti gbìyànjú láti to ìdáhùn mẹ́ta yìí lésẹẹsẹ. Bọ́lájí Ìdòwú, tó wá di olórí Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Nàìjíríà, tẹ ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè jáde lọ́dún 1962. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn ni Peter Morton-Williams ya àwòrán ayé bí àwọn Ọ̀yọ́ ṣe rí i: ọ̀run lókè, ilẹ̀ nísàlẹ̀, ayé tí à ń gbé láàárín. Àwọn babaláwo kò nílò àwòrán yẹn, nítorí ọpọ́n Ifá ti ń ṣe iṣẹ́ náà tipẹ́: ojú kan ṣoṣo tí a tẹ́, tí odù 256 ti ń jáde, tí ohun tó ti kọjá àti ohun tó ń bọ̀ ti ń pàdé. Ọpọ́n Ifá kan tó ti dé ìlú Ulm ní Jámánì kí ọdún 1659 tó parí ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Ó jẹ́rìí pé èrò yìí kì í ṣe tàná.

Ohun tó so àwọn ìdáhùn náà pọ̀ ni pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tó gbé ọ̀run jìnnà. Ẹni tó bá fẹ́ kàn sí i lè da omi sílẹ̀, ó lè ya àmì efun, ó sì lè da Ifá.

Ẹni tó ń bọ̀ ti yàn kó tó gbéra

Ìtàn ẹ̀dá kò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ìkómọ. Ifá sọ pé ọ̀run ni a ti ń yan orí, lọ́dọ̀ Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń mọ orí. Ọlọ́gbọ́n oníṣẹ́ ọwọ́ ni Àjàlá, ṣùgbọ́n onígbèsè paraku ni, tó máa ń sá fún olówó. Nínú àwọn orí tó mọ, òmíràn kò jiná dáadáa, òmíràn ti sán, bẹ́ẹ̀ lójú, gbogbo wọn ń dán. Ẹni tó mú èyí tí kò jiná yóò máa ṣiṣẹ́ láyé, òjò ìṣòro á máa pa á, orí náà á máa yìnrìn díẹ̀díẹ̀. Wande Abimbola ti kọ púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí nínú àwọn ìwé rẹ̀ lórí Ifá, ó sì fi hàn pé ìtàn náà kò fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún kádàrá: ẹsẹ̀, ìyẹn akitiyan ẹni, ní iṣẹ́ tirẹ̀, ẹbọ náà sì ní tirẹ̀.

Bìní ní ohun tó jọ ọ́. Ehi ni wọ́n ń pè é, ìkejì ẹni tó ṣẹ́kù sí ọ̀run, tó dúró níwájú Ẹlẹ́dàá lọ́jọ́ tí a ń sọ bí ayé ẹni yóò ṣe rí. Ìkálẹ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì kò ní láti wá èyí lọ sí òkèèrè.

Òkú àgbà, òkú ọ̀fọ̀

Lójú Yorùbá, gbogbo ikú kọ́ ni ikú. Àgbà tó bímọ, tó rí ọmọ ọmọ, tó sì kú sórí ẹní rẹ̀, ìnáwó ni tirẹ̀. A ní ó relé, a lùlù, a jó. Òkú ọ̀dọ́ ni òkú ọ̀fọ̀. Kíá ni a ń sin ín, kò sí ìlù, a kì í sì í fi ibojì rẹ̀ han ìyá àti bàbá. Ẹni tí òkun gbé, ẹni tí ààrá pa, ẹni tó pokùnso, aboyún tó kú toyún-toyún, olúkúlùkù ló ní ètùtù tirẹ̀, nítorí ọ̀nà tí wọ́n gbà lọ kò gún.

Ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí. Ìrìn àjò ni ikú, arìnrìn-àjò sì gbọ́dọ̀ wẹ̀, kó fárí, kó wọ aṣọ tó dáa, kó ní ohun tí yóò san lójú ọ̀nà. Adìẹ ìrànà ni owó ibodè náà. Bí wọ́n bá ti fẹ́ gbé òkú jáde, wọn á pa adìẹ yìí, wọn á máa tu ìyẹ́ rẹ̀ dà sílẹ̀ kí ọ̀nà lè là fún ẹni tó ń lọ, àwọn tó wà níbẹ̀ á sì sun ẹran náà jẹ. A. B. Ellis, òyìnbó ológun kan, ti kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1894. Àwọn tó ń jẹ ẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń jẹ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé adìẹ ìrànà kì í ṣe ohun àjẹgbé. Ẹni tó jẹ ti ẹlòmíràn lónìí, wọn á jẹ tirẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ní Ọ̀wọ̀, ní apá àríwá Ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà, ìsìnkú èèyàn ńlá kì í parí sí ibojì láyé àtijọ́. Wọ́n á gbẹ́ àkó, ère igi tó ga tó ènìyàn, tó jọ olóògbé, wọ́n á sì wọ aṣọ rẹ̀ fún un, aṣọ tó dára jù lọ nínú àpótí. Wọ́n á gbé e káàkiri ìlú kí àwọn ènìyàn lè dágbére fún un bí ẹni dágbére fún alààyè. Wọ́n ṣì ń ṣe é ní àwọn ọdún 1940. Frank Willett, ọ̀mọ̀wé nípa ohun àtijọ́, fi àkó Ọ̀wọ̀ gbìyànjú láti túmọ̀ àwọn orí idẹ Ifẹ̀ tí wọ́n hú jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ lọ́dún 1938. Ihò wà ní ọrùn àwọn orí náà. Willett ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ara ère igi ni wọ́n ń kàn wọ́n mọ́, fún ìsìnkú kejì irú èyí tí Ọ̀wọ̀ àti Bìní ń ṣe. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ idẹ tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀ yìí, ọ̀nà àtisin òkú dáadáa ló bí i.

Àwọn tó padà wá

Bí òkú àgbà bá lọ, ilé ń retí rẹ̀. Ọmọkùnrin tí wọ́n bí lẹ́yìn ikú bàbá àgbà ni Babátúndé. Obìnrin ni Yétúndé tàbí Ìyábọ̀. Orúkọ náà kì í ṣe fún ìrántí lásán. Ìyá arúgbó kan lè máa pe ọmọ ọwọ́ ní “bàbá mi”, kó kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, kó sì bá ẹni tó bá jágbe mọ́ ọn jà. Bẹ́ẹ̀ ni ilé kò sì ní dẹ́kun láti máa bọ bàbá àgbà kan náà ní ọ̀run. Yorùbá kò rí ìtakora níbẹ̀. Bìní tún ka iye rẹ̀: ìgbà mẹ́rìnlá ni ẹ̀dá ń wáyé kí ìrìn rẹ̀ tó parí.

Àbíkú ni ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà. Èyí wá, ó lọ, ó tún wá, kò gbé ayé ṣe nǹkan kan ju kó fi ìyá rẹ̀ ṣẹ̀sín. Ilé á sọ ọ́ ní Málọmọ́, Dúrójayé, Bánjókòó, Kòsọ́kọ́; ẹ̀bẹ̀ wà nínú orúkọ, ìbínú náà wà níbẹ̀. Nígbà mìíràn wọ́n á fi abẹ sàmì sí òkú ọmọ náà, kí wọ́n lè dá a mọ̀ bó bá padà.

Láti àárín sẹ́ńtúrì tó kọjá ni àwọn dókítà ti ń sọ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí, àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní SS ló mú wọn lọ. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti fojú bù ú pé nǹkan bí ọmọ 150,000 ni a ń bí lọ́dọọdún ní orílẹ̀-èdè yìí pẹ̀lú SS. Tọkọtaya tí àwọn méjèèjì jẹ́ AS lè sin ọmọ méjì, mẹ́ta, léraléra, gẹ́lẹ́ bí ìtàn àbíkú ṣe wí. Àwọn àgbà rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kedere: inú ìdílé ló ń rìn, ó ń padà, ara ọmọ kan ló sì ń jọ ti èyí tó lọ. Ohun tí wọn kò ní ni ẹ̀rọ tí a fi ń wo ẹ̀jẹ̀.

Íjíbítì, Bábílónì, Bahia

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Nínú ìwé òrépèté tí wọ́n kọ fún Ani, akọ̀wé kan ní Íjíbítì, ní nǹkan bí ọdún 1250 kí wọ́n tó bí Jésù, tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 1888, wọ́n gbé ọkàn òkú sórí òṣùwọ̀n, wọ́n fi ìyẹ́ òtítọ́ sí apá kejì. Ẹranko kan tí orí rẹ̀ jẹ́ ti ọ̀nì jókòó tì í, ó ń retí. Ọkàn tó bá wúwo, òun ni yóò gbé e mì. Yorùbá náà ní ọ̀run rere àti ọ̀run àpáàdì, ibi tí wọ́n ń da àwọn tó bayé jẹ́ sí bí àkúfọ́ ìkòkò. Ìwà ni òṣùwọ̀n tiwọn. Ṣùgbọ́n wọn kò ya ilé ẹjọ́ náà sí ara ògiri, wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ sọ bí ó ṣe rí.

Bábílónì ló sún mọ́ wọn jù lórí ọ̀rọ̀ kan. Níbẹ̀, òkú ń gbé inú òkùnkùn, erùpẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀, àfi bí àwọn ọmọ rẹ̀ bá ń da omi fún un, tí wọ́n ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Òkú tí kò lọ́mọ, ìyà ló ń jẹ. Kò sí ará Òkìtìpupa tí a ó sọ èyí fún tí yóò yà á lẹ́nu.

Àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun gbé èrò tiwọn dání. Ní erékùṣù Itaparica, ní Bahia ní Bùràsílì, àwọn ilé kan wà títí dòní tó jẹ́ egúngún nìkan ni wọ́n ń sìn níbẹ̀, èdè Yorùbá ni wọ́n sì fi ń pè é jáde.

Àwọn tó ní àwọn kò ní kú

Láti inú agbègbè Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ gan-an ni ìṣọ̀tẹ̀ tó le jù sí ètò àtijọ́ náà ti wá. Lọ́dún 1947, àwọn ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù kan kúrò láàárín àwọn ènìyàn wọn, lẹ́yìn ìjà tó le lórí pípa ìbejì àti bíbọ umalẹ̀. Wọ́n lọ tẹ Ayétòrò dó sórí ẹrẹ̀ létí òkun Ìlàjẹ, ní Òkìtìpupa Division ìgbà yẹn. Wọ́n pa owó rẹ́ láàárín ara wọn, wọ́n ń ṣiṣẹ́ pọ̀, wọ́n ń jẹun pọ̀, wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n tan iná mànàmáná. Ẹ̀kọ́ tó sì ṣe pàtàkì láàárín wọn ni pé àwọn ẹni mímọ́ tó wà níbẹ̀ kò ní kú. Stanley Barrett, onímọ̀ ará Kánádà tó gbé láàárín wọn, kọ ìwé lórí wọn lọ́dún 1977.

Ẹnu ààlà tí àwọn aládùúgbò wọn ń bẹ̀rù ni wọ́n kọ́ ìlú sí, wọ́n sì kọ̀ láti san owó ibodè. Ikú dé síbẹ̀ bí ó ṣe ń dé síbòmíràn. Ọba àkọ́kọ́ wọn kú, àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, ẹ̀kọ́ náà sì ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Láti ìgbà pípẹ́ wá ni òkun ti ń gbé ilé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ẹ̀kọ́ wọn lọ. Ìjọba ni wọ́n ń bẹ̀ báyìí pé kó wá ṣe ìdènà sí etí omi.

Àwọn Ìkálẹ̀ kò gba ọ̀nà yẹn. Onígbàgbọ́ ni púpọ̀ nínú wọn lónìí, ọdún Malòkun kò sì tíì parẹ́ ní Òde-Ìrèlè. Bí àgbà bá kú ní Òkìtìpupa, wọ́n á lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ògiri, wọ́n á ṣe àìsùn, àlùfáà á ka Bíbélì, ilé á ra aṣọ ẹbí, bàbá kan nínú ìdílé á sì ti da ọtí sílẹ̀ lẹ́yìn ilé kí pósí tó jáde. Tí ọmọkùnrin bá dé láìpẹ́ sí ìsìnkú náà, wọ́n á gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kẹjọ, àlùfáà á sì ka orúkọ tí ìdílé kọ sínú ìwé fún un sókè: Samuel, Olúwaṣeun, Babátúndé.